Ìyá Àgbà àti Ẹ̀tọ́ Obìnrin ní Ilẹ̀ Kétu

Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1951, àwọn aṣòfin Faransé ní Paris fọwọ́ sí òfin kan tí ó fi kún iye àwọn tí ó lè dìbò ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Dàhòmì wà nínú wọn. Lára àwọn tí òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́ olùdìbò ni obìnrin tí ó bá jẹ́ ìyá ọmọ méjì, kí àwọn ọmọ náà wà láàyè, tàbí kí wọ́n ti kú fún ilẹ̀ Faransé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ nígbà náà. Ìyá tí ó bí ọmọ méje, tí ibà àti ìgbóná sì pa mẹ́fà nínú wọn, kò tó ìyá lójú òfin, nítorí pé ikú tí ó pa ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ikú ogun Faransé. Ìyàwó kékeré tí ó ti pé ọdún 21, tí ó pọn ọmọ kan, tí ó sì fa èkejì lọ́wọ́, lè dìbò. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo agboolé ń kúnlẹ̀ kí, lè má dì í, àyàfi bí ó bá bọ́ sí ọ̀nà mìíràn tí òfin là sílẹ̀.

Ìtẹ̀síwájú ni òfin yìí, kò sí àní-àní. Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, ọdún 1945 ni obìnrin kọ́kọ́ dìbò. Ṣùgbọ́n òfin náà gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: nígbà tí ìjọba, ilé ẹjọ́ tàbí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin, obìnrin wo ni ó wà lójú wọn? Ìtàn Kétu fi hàn pé, fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọge àti abiyamọ ni wọ́n ń wò. Ìyá àgbà, ẹni tí àṣà ti fún ní ọ̀wọ̀ kí òfin tó dé, ni ẹ̀tọ́ ń fò kọjá. Nígbà mìíràn, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá.

Ohun tí àgbà fi jẹ́ agbára ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èdè Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo nínú ‘ó’ àti ‘òun’. Ọjọ́ orí àti ipò ni ó ń sọ ‘o’ di ‘ẹ’. Obìnrin tí a gbé wọ agboolé di ìyàwó gbogbo ilé. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé náà kí ó tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ọkọ ni yóò máa pè é, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn aya tí ó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ni ìyáálé rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kéré sí i ní ọjọ́ orí, nítorí pé ọjọ́ tí obìnrin wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kan náà padà sí ilé bàbá rẹ̀ fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó: ọmọ ilé ni níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí òun náà, wọ́n sì ń pè é ní ọkọ. Ìyàwó ní ibì kan, ọkọ ní ibòmíràn, láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹrù ìyàwó ń fúyẹ́. Ìyàwó di ìyá, ìyá di ìyá ọkọ, ìyá ọkọ di ìyá àgbà. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró, ọ̀pọ̀ èèwọ̀ tí ó ń lé obìnrin sẹ́yìn nídìí òrìṣà kò kàn án mọ́. Ó lè wọ ibi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kò lè wọ̀. Ó lè sọ ní gbangba ohun tí ìyàwó ń sọ nínú ìyẹ̀wù. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women tí ó jáde ní 1997, kọ ọ́ pé ipò àgbà ni ó ṣe kókó nínú àwùjọ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, pé yíya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin kò jẹ́ òpó ilé náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò ó gidigidi. Ìtàn Kétu sin Oyěwùmí dé ìdajì ọ̀nà, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ohun tí yóò hàn níwájú.

Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú náà kò ṣeé pa láìdárúkọ àgbàlagbà obìnrin. Nígbà tí Ọba Ẹdẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí Kétu wà lónìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pìtàn rẹ̀, ọwọ́ ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ Fọn, Yá Mẹ́fù, ni wọ́n ti rí iná. Kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì bí ìkankan nínú wọn. Síbẹ̀, ìlú ń pè é ní ìyá. Lorelle Semley, onítàn ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ ìwé kan jáde lórí Kétu ní 2011, tí ó sì fi òwe ‘ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí’ ṣe àkọlé rẹ̀, rí kókó yìí dáadáa: ní Kétu, ọ̀rọ̀ ‘ìyá’ kọjá ikùn tí ó bímọ. Ó jẹ́ ipò láàrin ìlú, ipò tí ọjọ́ orí ń gbé obìnrin dé.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni èyí ti hàn gbangba jù lọ. Ìlú púpọ̀ ni ó gbà pé ilẹ̀ Kétu ni ó ti ṣẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń gbé ère náà lórí, ọkùnrin ni ó ń fi ṣaworo kẹ́sẹ̀ jó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni wọ́n ń jó fún. Ìyálásẹ̀ ni ó wà nídìí ojúbọ. Àgbàlagbà obìnrin ni, láìsí i, eré náà kò ní àṣẹ. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, akọrin a kọ́kọ́ júbà ‘àwọn ìyá wa’, a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọjú sí olè, sí alágbèrè, sí ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, tí yóò fi orin tú wọn síta. Ọba pàápàá kò kọjá orin Ẹ̀fẹ̀. Ẹnu ọkùnrin ni orin náà ti ń jáde, ṣùgbọ́n òjìji ìyá àgbà ni ó fi ń bò ó kí ìjòyè má lè mú un lọ́jọ́ kejì.

Kí a má ṣe fi oyin bo ọ̀rọ̀ náà jù. Ẹ̀rù wà nínú iyì yẹn. A ń júbà ìyá nítorí pé ó lè fún ni lọ́mọ, ó lè fún ni lójò. A sì ń júbà rẹ̀ nítorí pé a gbà pé ó lè pani lóru. Ọ̀rọ̀ kan náà, àjẹ́, ni ó ń bẹ nísàlẹ̀ ìjúbà àti nísàlẹ̀ ẹ̀sùn. Bákan náà, ẹnìkan ni ó ń san owó ọ̀wọ̀ yìí, ẹni náà sì jẹ́ obìnrin. Bí ìyá ọkọ bá jókòó, ìyàwó ni ó ń pọnmi. Ọmọbìnrin tí a fi fún ọkọ tí kò rí rí, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ìyá àgbà ni ìdájọ́ rẹ̀ ti jáde. Àti pé ipò náà kì í ṣe ti gbogbo arúgbó. Ẹni tí kò bímọ, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ti kú tán, tí kò ní owó ọjà, tí ilé bàbá rẹ̀ sì ti tú ká, orúkọ ìyá lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni yẹn gan-an ni wọ́n ń fojú wá nígbà tí ọmọ bá kú nínú ilé.

Ìyẹn ni ilé tí òyìnbó bá. Ogun Dàhòmì ti tú Kétu ní 1886, wọ́n jó ìlú náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wálé láàrin 1893 sí 1894, wọ́n tún ìlú kọ́, Ọba Onyegen sì di Alákétu. Ọba náà darúgbó, ojú rẹ̀ sì fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba titun fẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán, tí yóò sì máa jíṣẹ́ fún ìlú. Ìyàwó ọba, Àlàbá, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ìdá, ni ó ń ṣe é.

Lójú ará Kétu, àgbà aya tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ tí kò ríran mọ́ jíṣẹ́ ni. Lójú òyìnbó, ayaba tí ó lè pàṣẹ ni ó dúró níwájú wọn. Láti 1911 títí di 1917, wọ́n ka òun àti obìnrin kejì, Yá Ṣègén, sí ‘reine’ ní Kétu, wọ́n sì sọ wọ́n di ọ̀nà tí àṣẹ ìjọba ń gbà wọ ìlú. Ìjọba tí kò jẹ́ kí obìnrin tirẹ̀ dìbò ní Paris ló fi obìnrin jẹ ní Kétu.

Àṣẹ wo ni ó ń gba ọ̀nà náà kọjá? Owó orí ni, àti iṣẹ́ àfipáṣe lójú ọ̀nà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní 1914, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n tún ń béèrè, kí wọ́n lọ ṣe sójà. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà sí Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn Kétu di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí apá ìlà-oòrùn, sí Mẹ́kọ àti àwọn abúlé tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1917, Faransé fi òpin sí ipò ‘reine’ náà. Ìrántí tí àwọn obìnrin méjèèjì fi sílẹ̀ nínú ìlú korò, ìkorò náà sì wà lẹ́nu àwọn tí onímọ̀ A. I. Asiwaju bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà ka ìtàn yìí lónìí. Àwọn kan ń fi í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin kò gbọdọ̀ ṣolórí ní Kétu. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń wá akọni fún ìjà obìnrin, fẹ́ sọ Àlàbá di aṣáájú tí ọkùnrin ìlú fi ìlara lé kúrò. Kò sí èyí tí ó mọ ohun tí ó sọnù nínú méjèèjì. Àgbà obìnrin Kétu lágbára nítorí pé ó lè wo ojú ọba kí ó sọ pé ó tó. Òyìnbó gbà á sí iṣẹ́ ẹni tí kò lè sọ ‘ó tó’ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ìwo àgbà sí ẹnu wọn, wọ́n fi fọn orin owó orí, nígbà tí ìlú sì bínú, ẹni tí ó ni ìwo ni ìlú bínú sí. Bí ọkùnrin agbowó-orí bá ṣe ìkà, a máa ń sọ pé ìkà ni agbowó-orí náà. Nígbà tí ó kan Àlàbá, wọ́n ní obìnrin ni ó ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Ní 1931, ìjọba àmúnisìn kó ohun tí ó pè ní àṣà gbogbo Dàhòmì sínú ìwé kan ṣoṣo, Coutumier du Dahomey. Nínú rẹ̀, obìnrin kò ní agbára lábẹ́ òfin. Ó wà lára ohun tí a ń jogún. Ìwé náà kò béèrè bóyá ẹni ogún ọdún ni obìnrin náà tàbí ẹni ọgọ́rin ọdún, bóyá ó wà ní ilé ọkọ tàbí ní ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo ìyípadà ipò tí a sọ lókè yìí, láti ìyàwó dé ìyá àgbà, di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: aya. Kò pẹ́ tí àtúnṣe fi dé. Òfin 1939 tí a ń fi orúkọ mínísítà Mandel pè sọ pé ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún 14 kí ó tó lọ ilé ọkọ, pé òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà. Òfin ti Jacquinot ní 1951 gbógun ti ìdána tí ó ti di owó ọjà. Òfin tí ó dára ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni kò sì gbádùn wọn tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá wá ìyá àgbà nínú wọn, inú ‘ìdílé’ ni a ti máa bá a, láàrin àwọn tí ó ń fi ọmọ tọrẹ. Ọmọbìnrin ni a ń gbà sílẹ̀. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tí a ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Òfin 1956 fún gbogbo àgbàlagbà ní ìbò, títí kan ìyá tí ikú ti kó ọmọ rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tí ó burú jù lọ kò tíì dé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní 1974, ó kéde ní Àgbómẹ̀ pé ọ̀nà Marx àti Lénine ni orílẹ̀-èdè yóò tọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 1975 yìí kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún obìnrin. Òmìnira obìnrin wà lẹ́nu àwọn olórí ìyíká, a sì ń pe ọmọbìnrin pé kí ó jáde, kí ó kàwé, kí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ní àsìkò yẹn kan náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìjà sí ohun tí ó pè ní ‘féodalité’. Wọ́n gbógun ti olóyè, wọ́n gé igi nínú igbó òrìṣà, wọ́n sì kọjú ìjà sí àjẹ́.

Ikú àwọn ọmọ tuntun ni ó dá kún iná náà. Tetanos ń pa wọ́n, àrùn tí ń mú ọmọ gan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tí kì í jẹ́ kí ó lè la ẹnu mu ọmú mọ́. Ohun tí ń fà á kò fara sin fún dókítà kankan: abẹ tí kò mọ́ tí a fi gé ìwọ́, ohun tí a fi kun ojú ìwọ́ náà, àti ìyá tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà oyún. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ wà, wọ́n béèrè ibi tí ìyá arúgbó wà. Wọ́n mú wọn ní ìlú dé ìlú. Wọ́n sì gbé ìjẹ́wọ́ wọn sí orí rédíò ìjọba, La Voix de la Révolution: pé àwọn ń di òwìwí lóru, pé àwọn ni ó jẹ ọmọ náà. Gbogbo ilé tí ó ní rédíò gbọ́ ohùn wọn.

Kò ṣòro láti mọ irú ẹni tí ọwọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀. Opó ni, arúgbó tí kò ní ọmọkùnrin tí ó rí já jẹ, ẹni tí ó dá gbé lẹ́yìn agboolé tí ìríran rẹ̀ sì ti ń lọ, tí ojú pípọ́n rẹ̀ di ẹ̀rí sí i lọ́rùn. Ìyá ọlọ́jà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ní Kútọnu ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ, obìnrin nìkan kọ́ sì ni. Ibi tí méjèèjì ti pàdé òṣì ni ẹ̀sùn náà ń bà sí. Bàbá arúgbó tí ó dá gbé ní ẹ̀yìn ilé kan náà, òun ni wọ́n ń pè ní bàbá tí ó ti gbọ́n.

Àpá kan wà nínú ìtàn yìí tí ó ṣòro láti fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ológun nìkan kọ́ ni ó tọ́ka sí àwọn ìyá yìí. Nínú agboolé, ẹ̀sùn àjẹ́ sábà máa ń ti ẹnu obìnrin jáde sí obìnrin: orogún sí orogún, ìyàwó sí ìyá ọkọ. Obìnrin tí ó ti pọnmi fún ọdún mẹ́wàá fún ẹni tí kò dúpẹ́, tí ọmọ rẹ̀ sì gan sí i lọ́wọ́ títí ó fi kú, kò ní ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Ìjọba dé, ó ní kí obìnrin sọ̀rọ̀. Ó sì ti fi orúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí hàn án kí ó tó la ẹnu. Ìbínú tí ó tọ́ sí ìdájọ́ àwọn àgbà nínú agboolé, tí ó sì tọ́ sí ilé ìwòsàn tí kò ní abẹ́rẹ́, ni wọ́n darí sí orí ara kan ṣoṣo tí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, ìyíká tí ó ní òun ń bá ìgbàgbọ́ àtijọ́ jà gba ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbà gbọ́ ní kíkún. Ọ̀kan fi ijó àti orin bẹ ìyá náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkejì gba ọ̀nà túbú.

Ìpàdé àpapọ̀ ti oṣù kejì 1990 mú ìjọba yẹn wá sópin, Òfin Ìpìlẹ̀ titun sì jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà. Àpilẹ̀kọ 26 rẹ̀ yẹ fún kíkà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lábẹ́ òfin. Ó ní ìjọba yóò dáàbò bo ìdílé, pàápàá ìyá àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé ìjọba yóò máa bójú tó àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn arúgbó. Obìnrin wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, abiyamọ wà nínú èkejì, arúgbó tí kì í ṣe ọkùnrin tí kì í ṣe obìnrin sì wà nínú ẹ̀kẹta pẹ̀lú àwọn tí a ń ṣàánú. Bóyá ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní in lọ́kàn. Síbẹ̀, bí ó ti kọ ọ́ ni ìyá àgbà ṣe wà nínú òfin títí di òní.

Ní 1996, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ ọ́ pé Coutumier 1931 kò ní agbára òfin ní Bẹ̀nẹ̀. Lẹ́yìn ìjà gígùn tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn obìnrin agbẹjọ́rò jà, Ìwé Òfin Ènìyàn àti Ìdílé jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ dìbò fún un ní 2002, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọkùnrin láti ní ju aya kan lọ. Ilé Ẹjọ́ dá a padà ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ní èyí kò bá ìdọ́gba mu. Ìwé Òfin 2004 sọ pé ọdún 18 ni ọmọbìnrin yóò pé kí ó tó lọ ilé ọkọ, pé ìdána jẹ́ àmì lásán, pé aya kan ni òfin mọ̀, pé ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin, pé opó sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ìpín opó yìí ni ó yẹ kí ó ran ìyá àgbà lọ́wọ́ jù lọ, nítorí pé ọjọ́ ogbó ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń di opó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Ìgbéyàwó tí Ìwé Òfin náà mọ̀ ni èyí tí a so níwájú òṣìṣẹ́ mẹ́rí. Ìyá tí wọ́n gbé wọ agboolé ní 1955 pẹ̀lú obì, atare àti iṣu, tí gbogbo ìlú jẹ́rìí, tí ó sì ṣe ìyáálé fún ogójì ọdún, kò ní ìwé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ṣègbéyàwó ní mẹ́rí Kétu ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lágbára lórí ilé ọkọ ju òun lọ. Kí ó tó di pé òfin dé, àṣà ní ohun tí ó ń fi dáhùn: ọmọ rẹ̀ ni yóò bọ́ ọ, tàbí kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà ọmọ ilé, kí a sì fún un ní yàrá. Lónìí, ọmọ wà ní Kútọnu, ní Èkó tàbí ní Paris, àwọn arákùnrin sì ti ta ilẹ̀ bàbá. Ẹsẹ̀ àṣà ti kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òfin kò tíì dé ibẹ̀.

Nínú òṣèlú náà, bákan náà ni. Láti àtúnṣe 2019, ìjókòó 24 ni a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú Ilé Aṣòfin, ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ìdìbò oṣù kìíní 2023 sì ni àkọ́kọ́ tí a lo òfin náà, nínú ìjókòó 109. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní ti ipò ààrẹ, Òfin Ìpìlẹ̀ 1990 kò gba ẹni tí ó bá ti kọjá ọdún 70 láyè láti díje. Òfin náà kan ọkùnrin bí ó ti kan obìnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó lo ọdún 20 sí 50 rẹ̀ lórí ọmọ títọ́, tí ó sì wá rí àyè lẹ́yìn náà, kò ní ọdún púpọ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní ayé Ìyálásẹ̀, ọjọ́ orí yẹn ni ilẹ̀kùn ń ṣí.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọnà ẹnu tí ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń ya fọ́tò ère, wọ́n ń ya fọ́tò ọkùnrin tí ó gbé e. Àwọn ìyá tí wọ́n ń jó fún jókòó lẹ́yìn, lórí ẹní tàbí lórí àga onírọ́bà, iborùn léjìká.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ìwé lónìí, kí ó lè fi béèrè ilẹ̀ tàbí kí ó lè gba káàdì, ilé ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ fún ìwé ìdájọ́ tí ó rọ́pò ìwé ìbí. Yóò mú ẹlẹ́rìí méjì. Akọ̀wé yóò bi í ní ọdún tí wọ́n bí i. Yóò dáhùn pé ọdún tí eéṣú jẹ oko ni, pé òun ju Ìdòwú ilé kejì lọ ní ìkórè kan, pé nígbà tí wọ́n fi Alákétu báyìí-báyìí jọba, òun ti ń fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí odò. Ó mọ ẹni tí ó bí ṣáájú òun àti ẹni tí ó bí lẹ́yìn òun nínú agboolé mẹ́rin, nítorí pé lórí ìmọ̀ yẹn ni ó fi mọ ẹni tí òun yóò kúnlẹ̀ kí àti ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí òun. Akọ̀wé yóò gbọ́ ọ títí, yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo ọwọ́ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Faransé pé wọ́n bí i ‘vers 1938’.